Kí ẹ tó sanwó ilẹ̀, ta ló wọ̀n ọ́n?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ìyálọ́jà ní Mayfair, Ilé-Ifẹ̀

  

Ọ̀rọ̀ sọ́fè ni wọ́n ní kí n bá yín sọ. Ó sì bọ́ sákòókò, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń dá àjọ, tó ń kó èésú, torí àtira ilẹ̀. Ẹlòmíràn fẹ́ kọ́ yàrá mélòó kan tí àwọn ọmọ Yunifásítì á máa háyà. Ẹlòmíràn fẹ́ ra ilé tí wọ́n ti kọ́ tán. Ohun tó dáa ni. Ṣùgbọ́n owó tí èèyàn fi ogún ọdún kó jọ nídìí igbá lè bá ọjọ́ kan ṣoṣo lọ. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti inú ọjà wa bẹ̀rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò mọ kóńgò tí wọ́n lu nídìí? Bí ẹ bá fẹ́ ra gààrí lọ́pọ̀, kóńgò ta lẹ máa lò? Ẹni tó bá mọ ọjà, tirẹ̀ ló máa mú lọ. Ẹ̀yin ìyá mi, ìwé sọ́fè ni kóńgò ilẹ̀. Èyí tí ẹni tó ń ta ilẹ̀ bá nà sí yín, kóńgò tirẹ̀ nìyẹn. Ó lè pé, ó sì lè má pé. Ẹ fi tiyín wọ̀n ọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Kí ni sọ́fè, kí ni kì í ṣe?

Ìwé sọ́fè ni àwòrán ilẹ̀. Orúkọ ẹni tí wọ́n wọ̀n ọ́n fún máa wà níbẹ̀, àti ibi tí ilẹ̀ wà, nọ́ńbà píílà kọ̀ọ̀kan, bí píílà kan ṣe jìnnà sí èkejì, bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, déètì, òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé sọ́fíyọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa: sọ́fè kò sọ pé ẹnì kan ló ni ilẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ wà àti bó ṣe tó ló ń sọ. Ẹni tí kò ni ilẹ̀ lè gbé sọ́fíyọ̀ lọ síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé. Ìdí nìyẹn tí lọ́yà fi gbọ́dọ̀ bá yín wá ìdí ilẹ̀ lọ́dọ̀ ẹbí tó ni ín, kí sọ́fíyọ̀ sì bá yín wá ààlà rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni. Ọ̀kan kò lè dípò èkejì.

Ohun kan tún wà tó ń dàrú mọ́ àwọn kan lójú. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń pè lórí fóònù pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti ṣe sọ́fè ilé yẹn?" Lọ́hùn-ún, sọ́fè ara ilé ni wọ́n sábà ń sọ. Ẹnì kan á wá yẹ òrùlé, ògiri àti ìpìlẹ̀ wò kí oníbàárà tó sanwó. Ẹgbẹ́ àwọn sọ́fíyọ̀ wọn tó ń jẹ́ RICS pín in sí oríṣi mẹ́ta, láti orí èyí tó fúyẹ́ dé orí èyí tó jinlẹ̀ jù. Bí ilé bá ti gbó, èyí tó jinlẹ̀ ni wọ́n máa ń yàn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ti ilẹ̀ ló ṣáájú, ti ara ilé ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń ra ilé tí wọ́n ti kọ́, méjèèjì ló máa ṣe.

Èwo ni ká yàn?

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn èèyàn ń gbà. Àwọn kan á gba fọ́tókọ́pì tí éjẹ́ǹtì mú wá, wọ́n á ká a sínú báàgì, ó tán. Àwọn kan á jẹ́ kí àwọn ọmọ onílẹ̀ fa téèpù, kí wọ́n ri búlọ́ọ̀kù mẹ́rin mọ́lẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti wọn ilẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni pé kí ẹ̀yin fúnra yín wá sọ́fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà kẹta yìí ni mo ní kí ẹ yàn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ sọ́fíyọ̀ gidi? Àjọ kan wà tó ń jẹ́ SURCON. Ìjọba àpapọ̀ ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1989 láti máa forúkọ àwọn sọ́fíyọ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fún un níbẹ̀. Sọ́fíyọ̀ gidi kò ní bínú. Ilé-Ifẹ̀ wa yìí ò sì ṣàjèjì sí iṣẹ́ yìí o. Nínú ọgbà Yunifásítì níbí ni ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní RECTAS tẹ́lẹ̀ wà, èyí tó ń jẹ́ AFRIGIST báyìí. Ọdún 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn èèyàn sì ń ti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn wá síbẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ máàpù.

Ohun mẹ́ta ni kí sọ́fíyọ̀ yín ṣe kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Èkíní, kó lọ sórí ilẹ̀. Kó wá gbogbo píílà rí, kó ka nọ́ńbà tó wà lórí wọn, kó fi wé ti inú ìwé. Bí nọ́ńbà ò bá bára mu, ẹ dúró ná. Kó sì tún ilẹ̀ ọ̀hún wọ̀n. Pílọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà jẹ́ nǹkan bíi 465 sikuéà mítà. Èyí tí wọ́n ń pè ní 60 sí 120 jẹ́ nǹkan bíi 669. Bí wọ́n bá gba owó 60 sí 120 lọ́wọ́ yín, tí ìwé sì gbé 465, wọ́n ti lu kóńgò nídìí nìyẹn.

Èkejì, kó mú àwọn nọ́ńbà igun ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n á fi wá ojú rẹ̀ lórí máàpù ìjọba. Ibẹ̀ la ti máa mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e, bóyá ọ̀nà tuntun máa gba ibẹ̀ kọjá, tàbí bóyá sọ́fè ẹlòmíràn ti wà lórí ilẹ̀ kan náà. Ojú lásán ò lè rí ìwọ̀nyí. Ẹ lè dé ibẹ̀ kẹ́ ẹ bá kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ìjọba sì ti gba ilẹ̀ náà látọjọ́ tó ti pẹ́.

Ẹ̀kẹta, kó wo àyíká. Ṣé ọ̀nà wọlé wà, àbí inú ilẹ̀ ẹlòmíràn lẹ máa máa gbà kọjá? Ṣé odò máa ń kún débẹ̀ lásìkò òjò? Ṣé wáyà iná ńlá kọjá lórí rẹ̀?

Ta ló máa buwọ́ lùwé, orúkọ ta ló máa wà níbẹ̀?

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí tó kàn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ léraléra: bí ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò dúró rárá. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsọ fún àwọn yòókù, wọ́n lè lọ ilé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sanwó, ẹ ṣe sọ́fè tuntun lórúkọ ara yín, kí sọ́fíyọ̀ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ọ́fíìsì Surveyor-General. Mo ní lórúkọ ara yín. Kì í ṣe "Ìyá Bọ́lá", kì í ṣe orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó bá yín dúnàádúrà. Ẹ̀yin ìyá mi, ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́. Nínú àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1997. Bó bá jẹ́ owó yín ló ra ilẹ̀, tí orúkọ bàálé nìkan sì wà lórí sọ́fè àti àgírímẹ́ǹtì, lọ́jọ́ tí bàálé bá kú, ẹ lè bá ara yín níbi tí wọ́n ti ń pín in ní ìdí igi, tí ẹ̀yin ò sì ní ìpín. Bí tọkọtaya bá jọ rà á, kí orúkọ méjèèjì wà níbẹ̀. Kì í ṣe ìjà, ààbò ni.

Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 tí òfin ilẹ̀ ti jáde, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Nítorí náà, àgírímẹ́ǹtì nìkan ò tó. Lọ́yà máa bá yín lọ gba àṣẹ gómìnà tàbí C of O. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, sọ́fè wà lára ohun tí wọ́n máa béèrè.

Bó bá jẹ́ ilé ńkọ́?

Bíríkìlà tó ń bá éjẹ́ǹtì rìn kọ́ ló máa yẹ ilé wò fún yín. Ẹ wá ẹnjiníà tí COREN forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kó wo ibi tí ògiri ti sán, bí omi bá ń fà gòkè lára rẹ̀, bí kànga bá jìnnà sí ṣáláńgá. Kó béèrè ìwé àṣẹ ilé kíkọ́. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí, l'Ékòó, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, pa èèyàn tó lé ní 40. Ilé kò ní kó ga tóyẹn kó tó lè pànìyàn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Níbo la ti fẹ́ rówó sọ́fíyọ̀?" Ẹ má gbàgbé pé owó sọ́fíyọ̀ ò tó owó ẹjọ́. Bí márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú wa bá ń ra ilẹ̀ lójú kan, ẹ jọ gbé sọ́fíyọ̀ kan, kẹ́ ẹ pín owó rẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń pín owó ọkọ̀ tó ń kó ẹrù wá láti oko. Ẹgbẹ́ wa lè bá yín ṣètò rẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan má sanwó ilẹ̀ kí sọ́fíyọ̀ tirẹ̀ tó débẹ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá rà, ẹ ò ní rà á mọ́ ẹjọ́. Ilé tẹ́ ẹ bá kọ́, ẹ̀yin àtọmọ yín lẹ máa gbé e.