Ìdì Lẹ́tà Òru

Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó kárí, pátákó ìkéde orí kọ̀ǹpútà ni àwọn tí ó ní ẹ̀rọ náà nílé fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí wọ́n so mọ́ tẹlifóònù ni pátákó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì ní módẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà di ìró tí wáyà tẹlifóònù lè gbé, lè pè é láti ka lẹ́tà tàbí láti fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí lẹ́tà bá balẹ̀ sí ni yóò wà, àfi bí ènìyàn bá pe pátákó mìíràn láti tún un kọ síbẹ̀. Ní ọdún 1984 ni Tom Jennings ní San Francisco ṣe ètò tí pátákó tirẹ̀ àti ti John Madill ní Baltimore fi ń pe ara wọn láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀, èyí sì ni ó di FidoNet.

Owó ìpè ni ó bí ọgbọ́n náà. Awakọ̀ tí ó gbéra láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ìbàdàn, tí ó gba lẹ́tà ní Ìlọrà, ní Akínmọ̀ọ́rìn àti ní Fìdítì, kò ní torí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan rin ìrìn-àjò ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni pátákó ṣe ń kó lẹ́tà ọ̀sán jọ di òru, nígbà tí owó ìpè bá wálẹ̀. Ní wákàtí tí gbogbo wọn ti fi àdéhùn sí, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn olùpè, yóò ṣa lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì wọn, yóò di èyí tí ó ń lọ sí ibì kan náà ní ìdì kan, yóò fún un pọ̀ kí ó lè kéré, yóò sì tẹ nọ́ńbà. Bí ẹlòmíràn bá wà lórí wáyà, yóò dúró díẹ̀ kí ó tó tún un tẹ̀, àní léraléra, sùúrù ẹ̀rọ yìí gan-an ni ó sì níyì jù nínú ètò náà. Bí ariwo wáyà bá ba apá kan ìdì jẹ́, ẹ̀rọ tí ń gbà á yóò mọ̀, nítorí pé iye kan tí wọ́n ṣírò láti inú apá náà ń bá a rìn, yóò sì ní kí wọ́n tún apá yẹn nìkan fi ránṣẹ́. Bí ìdì bá gúnlẹ̀, ètò mìíràn yóò tú u, yóò fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú àpótí ẹni tí ó ni ín.

Ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí ìpè sí òkè òkun ti wọ́n bí ojú tí wáyà sì máa ń já, ni irú ọgbọ́n yìí ti wúlò jù, orúkọ àwọn tí ó ṣiṣẹ́ náà kò sì yẹ kí ó parun. Ní Yunifásítì Rhodes ní Grahamstown, ọ̀nà FidoNet ni Mike Lawrie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilé Randy Bush ní Portland, tí ó ń tari rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí wọ́n fi rí ìsopọ̀ tààrà ní 1991. Ní London, Karen Banks bójú tó GnFido, ẹnu ọ̀nà FidoNet tí àjọ GreenNet ṣí fún àwọn ẹgbẹ́ ní Nairobi àti àwọn ìlú mìíràn. Ní Nàìjíríà, Yaba College of Technology ní Èkó wà lára àwọn ibi tí ètò RINAF ti UNESCO gbé lẹ́tà orí tẹlifóònù dé, ilé-ìwé yìí kan náà ni wọ́n sì fi .ng, ìrù àdírẹ́sì orílẹ̀-èdè yìí, sí níkàáwọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1995.