Ẹ YAN BÍÌTÌ RÁÚTÀ TÍ Ó DÁRA
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn oníṣẹ́ igi sọ

Bíìtì tí a ń fi sí ẹnu ráútà kéré lójú, ṣùgbọ́n ó lè ba pákó olówó iyebíye jẹ́, ó sì lè gé ìka oníṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀. Ìrókò a máa ní òkúta nínú nígbà mìíràn. Ẹnu irin lásán a sì máa tètè kú sí i. Èyí tí a fi kábáìdì líle sí lẹ́nu, kì í ṣe kábáìdì àwọn ajórin, ni ó lè fara dà á. Níbi tí a ti jó o mọ́ irin, kò gbọdọ̀ sí ihò tàbí ojú sísán kankan.

Ẹ sì wo ìdí rẹ̀ tí ó ń wọ inú ẹ̀rọ. Ìdámẹ́rin íńṣì kì í ṣe mìlímítà 6. Ó fi díẹ̀ jù ú lọ. Bí ìdí bíìtì kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú ihò ẹ̀rọ, ó lè yọ jáde lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ̀rọ yín bá gba ìdajì íńṣì, èyíinì ni kí ẹ rà, nítorí kì í gbọ̀n púpọ̀. Bíìtì ńlá kò fẹ́ eré: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ sáré ju iye tí a kọ sí i lára.

Àwọn àgbà ní, ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ẹni tí ó ra bíìtì burúkú nítorí pé ó pọ́ọ́kú lè kó ìlọ́po owó náà fún oníṣègùn.