Tósítà fún Búrẹ́dì tí Kò Ní Gúlútẹ́ẹ̀nì: Ohun tí ó Yẹ Kí A Wò Kí A Tó Rà Á

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ọjà Àjọrà bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ)



Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ìyá kan béèrè fún ẹ̀yáwó ohun èlò ilé. Nígbà tí akọ̀wé ka ohun tí ó fẹ́ fi owó náà rà, àwọn kan nínú wa rẹ́rìn-ín. Tósítà ni, ọ̀kan sì ti wà nílé rẹ̀. Wọ́n ní fàájì lásán ni. Ìyá náà kò bínú. Ó ní ọmọ òun, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan búrẹ́dì àlìkámà, àti pé tósítà ti tẹ́lẹ̀ kò ṣe é lò fún un. Gbogbo ilé dákẹ́. Alága wá ní kí àwa ìgbìmọ̀ lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí a rí ni a fẹ́ sọ lónìí.

Gúlútẹ́ẹ̀nì ni èròjà tí ó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì. Òun ni ó ń mú kí ìyẹ̀fun tí a pò máa fà, tí ó sì ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú. Kò ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní celiac. Bí ẹni tí ó ní in bá jẹ gúlútẹ́ẹ̀nì, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò máa bá ìfun rẹ̀ jà, tí oúnjẹ kò fi ní ṣe é lóore mọ́. Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti kí ọmọdé má dàgbà bí ó ti yẹ lè tẹ̀ lé e. Àìsàn náà kì í ràn. Ìtọ́jú tí ó wà fún un ni kí onítọ̀hún yàgò fún gúlútẹ́ẹ̀nì títí ayé. Dókítà ọmọdé kan ní Netherlands, Willem-Karel Dicke, ni ó là wá lójú sí i. Ó ti ń fura sí àlìkámà kí ogun tó dé. Nígbà tí búrẹ́dì wá wọ́n ní ìlú rẹ̀ ní 1944 sí 1945, ó rí i pé ara àwọn ọmọ tí ó ní àìsàn náà ń yá. Ìwé tí ó fi ṣàlàyé rẹ̀ jáde ní 1950.

Ẹni tí ó bá fura pé òun tàbí ọmọ òun ní àìsàn yìí, kí ó má kàn dáwọ́ búrẹ́dì dúró. Kí ó kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, nítorí bí ó bá ti jáwọ́ nínú rẹ̀ tipẹ́, àyẹ̀wò lè má fi àìsàn náà hàn mọ́.

Ẹ ó béèrè pé kí ni èyí kan tósítà. Èérún ni. Àwọn oníwádìí ní Ítálì fi hàn ní 2007 pé mílígíráàmù 50 gúlútẹ́ẹ̀nì lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́ta, tó láti ba ìfun aláìsàn yìí jẹ́. Ègé búrẹ́dì àlìkámà kan ṣoṣo ní tó gíráàmù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gé ègé náà sí ọ̀nà ogójì, ọ̀kan nínú rẹ̀ ti tó ìwọ̀n tí à ń wí. Òtítọ́ ni pé ní 2020, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà yan búrẹ́dì tí kò ní gúlútẹ́ẹ̀nì nínú tósítà tí a ti fi yan ti àlìkámà, ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn kò sì ju ìwọ̀n tí a fàyè gbà, èyíinì ni mílígíráàmù 20 nínú kílógíráàmù kan. Nítorí náà, bí ó bá ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ìyá ọmọ má ṣe sọkún. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yóò máa jẹ ní àràárọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe orí-ire. Àwa fúnra wa da tósítà ọ̀kan nínú wa dé orí ìwé ìròyìn, a sì gbọ̀n ọ́n. Èérún tí ó jábọ́ kún àtẹ́lẹwọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí a ó ṣe yan èyí tí ó dára.

Èkínní, kí ó jẹ́ tuntun. Ẹ má ra tokunbo fún iṣẹ́ yìí, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Èérún àlìkámà ilé onílé ti há sí àárín wáyà rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè nù ún tán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èyí tí ó bá ti Amẹ́ríkà wá, iná 120 fóòtì ni wọ́n ṣe é fún. Bí a bá kì í bọ iná 230 tiwa, jíjó ni yóò jó.

Èkejì, kí ẹnu rẹ̀ gbòòrò, kí ọwọ́ rẹ̀ sì lè gbé búrẹ́dì sókè dáadáa. Búrẹ́dì tí a fi ìyẹ̀fun ìrẹsì, àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ ṣe kò ní gúlútẹ́ẹ̀nì tí yóò dì í mú, ó máa ń ṣẹ́. Bí ó bá há, a ó fẹ́ fi ọ̀bẹ yọ ọ́, iná sì lè gbé ènìyàn. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná ná.

Ẹ̀kẹta, kí ó ní ibi tí a ti lè dín iná kù tàbí fi kún un, àti bọ́tìnnì tí a fi ń dá a dúró. Búrẹ́dì yìí ki, omi sì wà lára rẹ̀, kì í tètè pọ́n. Ó lè gbà tó ẹ̀ẹ̀mejì. Èyí tí ó ní bọ́tìnnì fún búrẹ́dì tí ó ti dì nínú fíríìsà dára púpọ̀, nítorí búrẹ́dì yìí tètè ń gan, fíríìsà ni a sì ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Ẹ̀kẹrin, kí ó ní àwo èérún tí a lè fà yọ nísàlẹ̀. Bí ó bá ti tutù, kí a dà á nù. Ẹ má da omi sí i.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ka iye wáàtì tí a kọ sí ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí ó ní ojú méjì ń jẹ tó 700 sí 1,000 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ó ń mú 650 wáàtì wá kò lè gbé e.

Ẹ̀kẹfà, kékeré méjì sàn ju ńlá kan lọ. Ẹ má ra olójú mẹ́rin kí ẹ wá ní ojú méjì jẹ́ ti ọmọ, ojú méjì jẹ́ tiwa. Èérún kò mọ ààlà.

Bí a bá ti rà á, kí a kun àmì pupa sí i lára, kí a gbé e sí ibi tí ó ga ju ti àlìkámà lọ. Kí ọmọ náà ní ọ̀bẹ àti bọ́tà tirẹ̀, nítorí ọ̀bẹ tí ó kan búrẹ́dì àlìkámà tí ó wá wọ inú bọ́tà ti gbé èérún wọ ibẹ̀. Ilé tí kò bá sí owó tósítà, kí ó ra páànù kékeré kan tí a kò ní fi ṣe ohun mìíràn, kí ó máa fi yan án lórí iná gáàsì.

A tún fẹ́ kìlọ̀ fún yín nípa búrẹ́dì ẹ̀gẹ́. Nígbà ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, 1999 sí 2007, ìlànà ìjọba ni pé kí àwọn aṣebúrẹ́dì da ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ ti àlìkámà. Àlìkámà ni èyí tí ó kù. Orúkọ ẹ̀gẹ́ lásán kò gba ọmọ yẹn là. Ẹ béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó rà á.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ìyá yẹn lè máa fún ọmọ rẹ̀ ní iṣu, ògì àti mọ́ínmọ́ín, kò sì sí gúlútẹ́ẹ̀nì nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ ń rí búrẹ́dì lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láràárọ̀, àjọjẹ kò sì dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ wa ni pé kí a fọwọ́ sí ẹ̀yáwó náà, kí a sì fi tósítà kékeré olójú méjì kún ọjà tí a ó jọ rà. A bẹ ìyá náà pé kí ó dárí ẹ̀rín wa jì wá. Àwa ìgbìmọ̀ pẹ̀lú wà lára àwọn tí ó rẹ́rìn-ín.