Àtẹ́ Òrìṣà àti Ọkàn Àwọn Àgbà Wa

    

Ọ̀rọ̀ ọkàn àwọn àgbà wa ní abúlé ni mo fẹ́ sọ, ilé wa ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Olórìṣà Ọbàtálá ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀, àtẹ́ ni wọ́n ń sè: èkuru funfun, ìgbín, ọbẹ̀ tí iyọ̀ kò kàn. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti kọjá, wọ́n a bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ lábùjù, nítorí ahọ́n àgbà kì í tètè mọ adùn mọ́. Lójú wa, àgbà tí ń lọ oko, tí kò sanra, kò lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹnikẹ́ni kò sì wọn ẹ̀jẹ̀ wọn wò rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, apá ọ̀tún wọn kò lè gbé igbá mọ́, ẹnu wọn sì wọ́. A ní àwọn ayé ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wá ẹni tí ó ṣe é kí a tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Wọn kò fi ẹsẹ̀ ara wọn wọ ojúbọ mọ́ títí wọ́n fi wàjà. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ń dùn mí títí di òní.

N kò sọ pé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ni iyọ̀ ṣe di èèwọ̀ Òrìṣà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ahọ́n tí ó lè jẹ àtẹ́ ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ lè kọ́ láti dín iyọ̀ kù ní ọjọ́ yòókù.

Ìwádìí kan jáde ní ọdún 1997 lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ará Igbó-Ọrà wà lára wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, 16 ni ó ní i níhìn-ín, 26 ní Kàríbíánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Orírun kan náà ni wọ́n. Ìsanra àti iyọ̀ jíjẹ wà lára ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ìgboro ti bá wa dé oko báyìí: èròjà amọ́bẹ̀dùn, núdù, ohun mímu aládùn inú ìgò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́. Ìyẹn kò kún ṣíbí tíì kan. Èyí tí ó wà nínú èròjà ọbẹ̀ wà nínú ìṣirò náà. Ẹ má gbàgbé kán-ún tí a ń fi sí ewédú àti ẹ̀wà: sódíọ̀mù tí ó wà nínú iyọ̀ wà nínú òun náà. Irú, ata àti àlùbọ́sà lè fún ọbẹ̀ ní adùn. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti gbúre ṣì wà lẹ́yìnkùlé; ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju òkèlè lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ké ìbòsí. Kì í sábà fọ́ni lórí, kì í sábà dunni níbì kankan. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ léraléra, ó ti di ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Ẹni tí a bá fún ní oògùn kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé ara yá. Ẹni tí ń mu àgbo, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì. Ọ̀sanyìn kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí òtítọ́. Bí ẹnu bá sì wọ́, tí apá rọ, ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí kan náà. A ó bi Ifá léèrè bí a bá dé.

Àwọn àgbà ni ìwé wa. Èyí tí ó bá kú láìtọ́jọ́ kó oríkì, ewé àti ìtàn lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún wa.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.