Ta Ni Kò Gbowó Nínú Oko Yín?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣèlérí pé n óò dá àwọn ọmọ kan lóhùn, àwọn tí wọ́n ṣe ìdánwò JAMB, tí yunifásítì wá fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àbójútó oko dípò ohun tí wọ́n béèrè. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àǹtí, ẹkún ni mo ń sun láti àná." Ọmọ mi, mo mọ ẹkún náà. Èmi náà ti sun ún rí.

Ìmọ̀ ìṣègùn ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Máàkì mi kò tó. Orúkọ mi wá jáde ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1988. Abúlé wa kò jìnnà síbẹ̀, agbègbè Ọ̀dẹ̀dá náà ni. Nígbà tí mo sọ fún Bàámi, wọ́n gbé ife omi ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, oko tí a torí ẹ̀ rán ọ níléèwé kí o má baà ṣe é, òun náà lo tún fẹ́ fi ọdún márùn-ún kọ́?" N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ń rò pé ọkọ́ àti àdá ni. Ọdún márùn-ún ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ óò kọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo nǹkan: kẹ́mísìrì, ìṣirò, ìmọ̀ ilẹ̀, ohun ọ̀gbìn, ẹran ọ̀sìn. Lẹ́yìn náà ni ọrọ̀-ajé yóò wọlé: ohun tó ń mú kí ọjà wọ́n, ohun tó ń mú kó pọ̀, bí a ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ oko, bí a ṣe ń ṣírò iye tí ẹ̀rọ ń pàdánù lọ́dọọdún bó ṣe ń gbó. Ní ọdún kẹrin, a kì í jókòó sí kíláàsì bíi ti tẹ́lẹ̀, inú oko la ti ń kọ́ṣẹ́. Ọdún karùn-ún ni ti pírójẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń sá fún ìṣirò, kí ó má tan ara rẹ̀, ìṣirò ń dúró dè é níbẹ̀.

Pírójẹ́ẹ̀tì yẹn ló yí mi lọ́kàn padà. Èrè tó wà nínú oko ẹ̀gẹ́ ni mo ṣèwádìí lé lórí. Mo gbé ìwé ìbéèrè dání, mo ń jáde ní abúlé kan, mo ń wọ òmíràn. Bí mo bá bi bàbá kan pé, "Bàbá, èló lẹ san fún àwọn tó bá yín ro oko?" wọn á ní, "N ò san nǹkan kan. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ ni." Èmi náà á kọ òdo sílẹ̀.

Nígbà tí mo kó ìwé náà dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ń tọ́ mi sọ́nà, wọ́n fi bírò pupa yí gbogbo òdo náà po. Wọ́n ní, "Ṣé òdo ni ìyàwó bàbá yìí? Bí kò bá sí nílé lọ́jọ́ náà, èló ni bàbá ì bá san fún alágbàṣe?" Wọ́n ní kí n padà lọ béèrè iye ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ṣiṣẹ́, kí n fi owó tí alágbàṣe ń gbà lójúmọ́ ní abúlé náà ṣírò rẹ̀. Mo bínú o. Owó ọkọ̀ tí mo ti ná ni mo ń rò.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, mo lọ sílé. Mo bá Bàámi lórí ọ̀rọ̀ owó yíyá. Gààrí ti wọ́n lọ́dún náà, wọ́n sì fẹ́ yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí wọ́n lè fi hẹ́kítà méjì kún oko ẹ̀gẹ́ wa. Wọ́n ní, "Oko ń mówó wá, kí la tún ń dúró dè?" Màámi wà lẹ́yìnkùlé nídìí agbada, wọ́n ń yan gààrí, èéfín bò wọ́n lójú. Mo mú bébà, mo jókòó tì wọ́n.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìṣirò náà. Iye ìgbà náà ni o, ti òní ti yàtọ̀. Gààrí ìdáná kan, wọ́n tà á ní ₦60,000. Owó ọkọ̀, ₦4,000. Owó ẹ̀rọ tó rin ẹ̀gẹ́ àti èyí tó fún omi rẹ̀, ₦5,000. Igi ìdáná, ₦4,000. Àpò àti owó ọjà, ₦2,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦15,000. Lójú Bàámi, èrè jẹ́ ₦45,000.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ náà ńkọ́? Bí a bá tà á ní tútù lórí ebè fún àwọn oníṣòwò, wọn ì bá san ₦35,000. Owó tí a ì bá gbà tí a kò gbà, owó ni. Mo yọ ọ́ kúrò. Ó ku ₦10,000.

Mo wá bi Màámi pé, "Ọjọ́ mélòó lẹ fi ṣe é?" Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta, láti orí bíbó dé orí kíkù àti yíyan, àbúrò mi méjì sì bá wọn bó ẹ̀gẹ́ fún odidi ọjọ́ kan. Ẹni tí a bá gbà kó wá yan gààrí ń gba ₦3,000 lójúmọ́ nígbà náà. Ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ ń gba ₦2,000. Ti Màámi jẹ́ ₦9,000, ti àwọn àbúrò mi jẹ́ ₦4,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦13,000. Ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ₦10,000 tó ṣẹ́kù, ẹ óò rí i pé a ti jẹ gbèsè ₦3,000.

Màámi dáwọ́ dúró. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé èmi ni mò ń sanwó fún oko, tí oko kò sanwó fún mi?" Mo ní, "Bó ṣe rí lórí ìwé nìyẹn, Màámi." Wọ́n ro gààrí náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Ṣé ìwé yín kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó yẹn ló rán ọ lọ síbi tí o ti kọ́ ìṣirò yìí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Alexander Chayanov kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1925. Ó ní oko tí ìdílé fi ọwọ́ ara wọn ṣe kì í ṣírò bí iléeṣẹ́ ṣe ń ṣírò: iṣẹ́ ọwọ́ wọn kì í ní owó oṣù, ohun tí gbogbo ilé yóò jẹ ni wọ́n ń wò. Nítorí náà, Màámi kò ṣe òmùgọ̀. Kò sí ẹni tó máa fún wọn ní ₦3,000 lójúmọ́ lójoojúmọ́ ní abúlé wa. Ṣùgbọ́n olùkọ́ mi náà kò purọ́. Bí a kò bá kọ iṣẹ́ ìyá sílẹ̀, a ó máa yáwó lé èrè tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ kejì kan tún wà tí mo bá Bàámi sọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló tún ń gbin ẹ̀gẹ́ lọ́dún yìí?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ. Wọ́n dárúkọ títí, wọ́n dákẹ́ fúnra wọn. Ẹ̀gẹ́ ń gbà tó ọdún kan kó tó gbó. Bí gbogbo ayé bá gbìn ín lọ́dún tó wọ́n, ọjọ́ kan náà ni gbogbo ayé yóò wú u, owó rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Lọ́dún kejì, wọn á sá fún un, á tún wọ́n. Lórí ìwé àwòrán, ó máa ń yí po bí okùn aláǹtakùn, ìdí nìyẹn tí Nicholas Kaldor fi sọ ọ́ lórúkọ aláǹtakùn ní 1934.

Bàámi kò sọ pé mo gbọ́n. Wọ́n kàn ní, "A ó wò ó." Ìdajì owó tí wọ́n pinnu ni wọ́n yá, hẹ́kítà kan ni wọ́n sì fi kún oko. Láti ìgbà náà, wọ́n máa ń ta díẹ̀ nínú ẹ̀gẹ́ ní tútù lórí ebè. Kí Màámi tó gbé agbada kaná, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè iye tí kóńgò gààrí jẹ́ lọ́jà. Wọ́n sì ní ìwé kékeré kan báyìí tí àbúrò mi ń bá wọn kọ. Lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, ìlà àkọ́kọ́ ni "Iṣẹ́ Màámi". Bàámi kì í sábà san gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń rí i lójoojúmọ́ pé àwọn jẹ ẹ́.

Nítorí náà, ọmọ mi tó ń sunkún, nu ojú rẹ. N kò ní kí o gbàgbé ohun tó wù ọ́. Bí o bá tún fẹ́ ṣe JAMB lọ́dún tó ń bọ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé oko ni wọ́n rán ọ lọ. Ojú tí a fi ń wo oko ni o ń lọ gbà. Kí o tó wọlé, ṣe ohun kan fún mi: lọ bi ìyá rẹ, tàbí ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó nílé yín, pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ṣe é. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdánwò àkọ́kọ́ nìyẹn, o sì ti yege rẹ̀.

Ẹ fi ìṣirò ilé yín ránṣẹ́ sí wa, a ó kà á lórí ètò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi Àbẹ̀kẹ́ ni mo sọ̀rọ̀. Ó dìgbà kan ná o.