Èéfín Dísẹ́ẹ̀lì: Èyí Tí Ojú Wa Kò Rí

 

Gbogbo wa la mọ èérí dúdú ẹnu sàláńsà jẹnẹrétọ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí èéfín kò bá ti dúdú, ewu ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí a bá pín mìlímítà 1 sí ọ̀nà mílíọ̀nù 1, ìdá kan rẹ̀ ni nanómítà 1. Hóró èérí kan nínú ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì sábà máa ń fẹ̀ tó nanómítà 20 sí 40. Wọ́n a so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, tó wá lọ́ pọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n wọ́n? Ẹnu sàláńsà nìkan kò tó, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú èérí tí iná dá sílẹ̀ ni iná náà tún ń jó kí ó tó jáde. Àwọn onímọ̀ a ki àwo tín-ín-rín kan bọ inú iná, kíá ni wọ́n a sì yọ ọ́. Nítorí pé àwo náà tutù ju iná lọ, èérí a lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n a wá fi maikirosíkóòpù alágbára wo bí ó ṣe rí.

Ọ̀nà kejì ni lésà. Wọ́n a fi gíláàsì tí kì í bẹ̀rù iná ṣe fèrèsé sára ẹ́ńjìnì, wọ́n a tan lésà gba ibẹ̀, èérí a gbóná títí yóò fi máa tàn. Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ pé ẹ̀kọ inú ife máa ń yára tutù ju ti inú ìkòkò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni hóró kékeré ṣe ń yára kú. Bí ó ṣe yá tó ni wọ́n fi ń mọ ìtóbi rẹ̀.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Hóró kan tó fi ìlọ́po 10 fẹ̀ ju òmíràn lọ wúwo tó 1,000 irú èyí kékeré. Ẹni tó bá wo ìwúwo nìkan yóò fojú fo àwọn kékeré, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Ìdí nìyí tí òfin Yúróòpù fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye hóró inú èéfín mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì kéékèèké ní 2011. Ní 2012, àjọ ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé àwọn ọmọ. Ẹ máa pààrọ̀ fílítà, kí ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ nọ́sù wò lásìkò. Ẹ má torí pé ojú kò rí i kí ẹ ní kò sí.