Bí A Bá Fẹ́ Pààrọ̀ Sprocket Alùpùpù Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)

 

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín wa. Àwọn tó ń ti Òjòó gba Mọ́níyà àti Fìdítì lọ sí Ọ̀yọ́, àti àwọn tó ń ti Challenge gba Ìdí-Ayùnrẹ́ kọjá lọ sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ń sọ pé bí àwọn bá ti dé ibi tí ọ̀nà gbé tẹ́jú, ẹ́ńjìnnì a máa ké bí ẹni pé yóò fọ́. Ọwọ́ a máa kú tipiri, epo a sì máa tètè tán. Àwọn mẹkáníìkì ní kí wọ́n pààrọ̀ sprocket. Àwọn kan ṣe é, inú wọn dùn. Àwọn mìíràn ṣe é, wọ́n sì ń kábàámọ̀ owó wọn. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ là yé ara wa lónìí.

Sprocket ni irin roboto eléyín tí ṣéènì gbé lé. Méjì ni: kékeré wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ńlá wà lára táyà ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a mú alùpùpù kan tí eyín iwájú rẹ̀ jẹ́ 14, tí ti ẹ̀yìn jẹ́ 42. Ti iwájú gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá yọ 14, tí a fi 15 rọ́pò rẹ̀, kò ní yí ju 2.8 lọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan tẹ́lẹ̀, yóò di 5,600 lórí eré kan náà. 400 ló dín ní ìṣẹ́jú kan. Ní wákàtí kan, ó di 24,000. Ìsinmi gidi nìyẹn fún irin. Bí ó bá sì jẹ́ ti ẹ̀yìn la fẹ́ pààrọ̀, a ó yọ tó eyín mẹ́ta kí ó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá eyín kan ti iwájú dọ́gba.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló dé tí àwọn tó ṣe alùpùpù kò fi 15 sí i láti ilé? Ẹ wo CG125 tí Honda gbé jáde ní 1976. Wọ́n ṣe é fún irú ilẹ̀ tiwa, níbi tí ènìyàn ti ń gbé ẹrù lórí alùpùpù lójoojúmọ́, tí ọ̀nà kò dára, tí kò sì sí àyè fún àtúnṣe lemọ́lemọ́. Ẹni tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ ro ti ẹrù àti òkè kí ó tó ro ti ọ̀nà tó tẹ́jú.

Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Pípààrọ̀ sprocket kò fi agbára kankan kún ẹ́ńjìnnì. Ohun tí a rí gbà lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, ara ohun tí a ní fún òkè ni a ti yọ ọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa yìí, agbára tí táyà fi ń fa ẹrù dín ní bíi 7 nínú 100, ní gbogbo jíà. Ẹni tó ń gbé àpò gàrí láti ọjà Bódìjà gun Mọ́kọ́lá, tàbí tó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Ààrẹ, yóò mọ̀ ọ́n lára. Yóò máa fi kílọ́ọ̀ṣì fa ẹrù kí alùpùpù tó gbéra, kílọ́ọ̀ṣì a sì jó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní dá alùpùpù dúró tó ti tẹ́lẹ̀. Bíréèkì ni yóò ru gbogbo rẹ̀.

Ewu mìíràn wà tí àwọn tó ń kábàámọ̀ bọ́ sí. Wọ́n ní bí eyín kan bá dára, méjì yóò dára jù. Wọ́n fi 16 sí i. Nígbà tí atẹ́gùn kọjú sí wọn lọ́nà Ọ̀yọ́, ẹ́ńjìnnì kékeré náà kò lè fa jíà kẹrin mọ́. Wọ́n padà sí jíà kẹta, ẹ́ńjìnnì sì tún ń ké ju ti àtijọ́ lọ. Owó lọ, ariwo kò lọ. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó bá wa mu? Ẹ gbé ẹrù tí ẹ máa ń gbé, ẹ wà ní jíà tó ga jù lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, ní ìwọ̀n eré yín. Bí ẹ bá fún un ní epo díẹ̀ sí i tí ó ṣì ń dáhùn, ó dára. Bí ó bá ń gbọ̀n, tí ó ń kan gbà-gbà-gbà, ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Nítorí náà, ẹ má sọ sprocket àtijọ́ nù.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kí ó kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

1. Ka eyín méjèèjì fúnra rẹ kí o tó lọ sọ́jà. Má gba "ó jọ ọ́".

2. Bí ṣéènì bá ti fà, tí eyín ti mú bí ìwọ̀, pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ṣéènì àtijọ́ a máa jẹ eyín tuntun.

3. Rí i pé sprocket ńlá náà kò kan ìdérí rẹ̀.

4. Má fa ṣéènì le jù. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rọ ní kí ó máa mì ní 20 sí 30 mílímítà. Èyí tó bá le jù ń ba bọ́ọ̀lù irin inú ẹ́ńjìnnì jẹ́.

5. Bí ṣéènì bá ní kílíìpù, ojú rẹ̀ tó dí ni kí ó kọ sí ibi tí ṣéènì ń lọ, kí ẹnu rẹ̀ tó là wà lẹ́yìn. Bí ó bá jábọ́ lórí eré, ṣéènì lè há táyà.

6. Bí ago eré bá ń gba ìṣírò láti ara táyà iwájú, kò sí ìyàtọ̀. Bí ó bá ń gbà á láti inú ẹ́ńjìnnì, yóò máa ka eré yín kéré sí bí ó ti rí.

Ẹ má ṣe sọ ìdákẹ́jẹ́ ẹ́ńjìnnì di eré àsápajúdé. Bíréèkì yín kò yí padà, táyà yín kò yí padà, àṣíborí yín sì ni ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹ ní. Ẹni tó bá lo eyín kan yìí láti sáré sí i ti sọ èrè náà nù.

Ní ti owó, ẹ̀yin tí ẹ gba alùpùpù láti máa san díẹ̀díẹ̀, ẹ bá ẹni tó ni í sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́ lọ́la, sprocket ni yóò kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù ilé-iṣẹ́, ẹ má ná owó oṣù yín lé ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiyín. Ẹ̀ka wa ń béèrè pé kí ilé-iṣẹ́ tó ń rán ènìyàn lọ sí ọ̀nà jíjìn ṣe àyípadà náà fúnra rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rọ, kí wọ́n má sì tìtorí rẹ̀ gé àkókò ìrìn-àjò òṣìṣẹ́ kúrú.

Ní kúkúrú: ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ wà lórí òkè Ìbàdàn, kí ó fi ti ilé sílẹ̀ bí ó ti wà. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀, kí ó fi eyín kan kún ti iwájú, kí ó sì dúró níbẹ̀.